Kóòmù Ló Gbéra ní Ṣàngó, Òòyà Ló Dé Òkèhò

Bí ẹ bá dé Joju, ní Ṣàngó Ọ̀tà, tí ẹ béèrè Rùfáì oníke lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ náà ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ náà a máa ṣàṣìṣe o, àṣìṣe tiwọn kì í sì í pariwo, òun ni kì í jẹ́ kó tètè hàn. Èyí tí Rùfáì ṣe lọ́dún kẹta tí Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù kan kí òun alára tó mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan.

Ìkirun ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Agége ló dàgbà sí lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Ọ̀tà, ó bá wọn wá, ó sì ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fi ike ṣe abọ́, garawa àti kóòmù, lójú ọ̀nà Ìjù. Ìdí ẹ̀rọ tó ń tẹ kóòmù ni wọ́n fi í sí. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀, ike gbígbóná sì ti jó ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ méjì débi pé wọn ò ṣeé ká dáadáa mọ́. Hajarat ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, ọmọ Òkèhò ni, ní Òkè Ògùn lọ́hùn-ún. Ọdún méje ni wọ́n ti fẹ́ra, wọn ò tíì bímọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, ìyá Rùfáì sọ ọ́ sójú Hajarat pé ọkùnrin kì í dàgbà sínú ilé tó dákẹ́, pé bí ilẹ̀ kan ò bá ti so, àgbẹ̀ a máa wá òmíràn. Hajarat wo ojú ọkọ rẹ̀. Rùfáì ń jẹran ní tirẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Lójú tirẹ̀, ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, àbí bó bá fara mọ́ ọn, ṣé kò ní í dáhùn ni? Ẹ ò rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Hajarat lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ro ẹjọ́ náà fún ìyá rẹ̀, ìyá náà ò sì gbàgbé.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé láti Òkèhò pé ìyá yìí kan náà ti ṣubú lẹ́yìn ilé, pé apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ. Hajarat kó aṣọ díẹ̀. Ó ní bí Jímọ̀ kẹta bá fi máa kọjá, òun á ti padà dé. Ó se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà, pé kó jẹ́ kí omi hó dáadáa, kó fọ́n gaàrí sí i díẹ̀díẹ̀, kó dé e, kó má tíì fọwọ́ kàn án. Rùfáì ní ó ti yé òun. Kò yé e. Ẹ̀bà tó tẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kókó inú rẹ̀ tó ẹyin àdàbà. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àárò ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ fi mọ̀ ni sálámà. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa kí sálámà bó bá ń wọlé láti ibi iṣẹ́, Hajarat á sì dá a lóhùn látìdí ààrò. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ó ṣì ń kí i. Yàrá ò dáhùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ó wọlé láìsọ nǹkan kan, ó jókòó sétí ibùsùn, ó sì rí i pé láti òwúrọ̀ òun ò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó pé ogún. Hajarat ló ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Òun kàn ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó ń jẹ́ hẹn-ẹn, ó sì rò pé àwọn méjèèjì làwọn jọ ń sọ ọ́.

Ní ibi iṣẹ́, nǹkan ò rọgbọ. Ẹ̀tù tí wọ́n ń yọ́ di ike, òkè òkun ló ti ń wá, owó rẹ̀ sì ti fò sókè láti ìgbà tí Sáàpù ti já náírà lulẹ̀. Wọ́n ti dá ọgbọ̀n èèyàn dúró. Lópin oṣù, Ṣóbándé tó jẹ́ ọ̀gá wọn nídìí ẹ̀rọ gun orí bẹ́ǹṣì, ó sì sọ fún wọn ní pijin pé owó ò sí, pé ọjà ni kálukú máa gbà. Àwọn kan gba garawa, àwọn kan gba abọ́. Páálí kóòmù kan ni Rùfáì gbé sórí wálé.

Ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni Hajarat. Owó tó mú lọ ò tó nǹkan, aláìsàn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n ń nájà ní Òkèhò, kóòmù á sì tà níbẹ̀. Ó ṣa méjìlá tó dára jù, pupa àti búlúù. Gèlè Hajarat kan tó láwọ̀ kọfí wà lórí ìṣó, èyí tó máa ń wé bó bá ń gbálẹ̀. Rùfáì mú un, ó di kóòmù méjèèjìlá sínú rẹ̀. Ó ní inú rẹ̀ á dùn bó bá rí aṣọ ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó wọṣẹ́, ó gba gáréèjì Ṣàngó lọ, ó sì rí Sírájúdéènì, awakọ̀ tó ń ná Ìsẹ́yìn. Ó sọ fún un pé kó bá òun fi dé Òkèhò, ilé alágbẹ̀dẹ tí í ṣe agboolé àwọn àna òun, kó sọ fún Hajarat pé kó tà wọ́n, kó fi ra nǹkan fún Màmá, pé ara òun le, pé òun ń retí rẹ̀. Fún Rùfáì, ọ̀rọ̀ tó gùn nìyẹn. Sírájúdéènì ní òun ti gbọ́, ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ takú sí Ìsẹ́yìn, ó sì fa ẹrù náà lé awakọ̀ mìíràn lọ́wọ́ pé ilé alágbẹ̀dẹ ni, ọ̀dọ̀ ìyàwó Rùfáì, láti ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó pin síbẹ̀. Ẹrù dé Òkèhò, ọ̀rọ̀ ò bá a dé.

Jímọ̀ kẹta pé, Hajarat ò dé. Rùfáì lọ dúró ní ìkóríta Joju títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Kò rí i. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ìyàwó ńkọ́, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ní àdúgbò yẹn nìkan, obìnrin mẹ́ta ló ti lọ kí òbí lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ wọn, tí wọn ò padà wá. Ẹ̀rù bà á. Ó ní bóyá Hajarat ti rò ó, ó ti rí i pé ọkọ tó ń gba kóòmù lówó oṣù, tí ò sì lè fún òun lọ́mọ, kí lòun ń padà lọ ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì Jímọ̀ náà, obìnrin kan tó ń kó èlùbọ́ wá sí Ṣàngó láti Òkè Ògùn wá a délé. Ó fún un ní ìdì kékeré kan. Kóòmù mẹ́fà ni, lára méjìlá tó fi ránṣẹ́. Wọ́n to mẹ́ta síhìn-ín, mẹ́ta sọ́hùn-ún, wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n sì fi òwú funfun dì wọ́n pọ̀. Rùfáì bi í pé kí ni wọ́n wí. Ó ní wọn ò wí nǹkan kan, wọ́n ní ẹni tó ni ín á mọ̀.

Rùfáì sì rò pé òun mọ̀. Ó ní àjẹkù ọjà nìyẹn. Ó ní Hajarat ò fẹ́ máa kiri kóòmù fún òun, ó ti fi èyí tí ò wù ú ránṣẹ́ padà láìkí òun, láìbéèrè bí òun ṣe ń jẹun. Inú bí i. Ẹ mọ̀ pé inú èèyàn jẹ́jẹ́, bó bá bí, kì í tètè rọ̀. Ó ju ìdì náà sábẹ́ ibùsùn. Kò ránṣẹ́, kò kọ̀wé, kò béèrè. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló tó fa ìdì náà yọ. Lánlédì wọn, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ẹfúnkẹ́, ọmọ bíbí inú Ọ̀tà, jókòó lágbàlá, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Obìnrin kan láti yàrá kejì ti ní òun fẹ́ ra kóòmù kan, Rùfáì sì mú ọ̀bẹ kó gé òwú náà.

"Má gé e," Ìyá Ẹfúnkẹ́ sọ.

Rùfáì dúró. Ìyá náà gbé àtẹ ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gba ìdì náà, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó ń kà á. Ó bi í pé ta ló dì í báyìí. Rùfáì ní láti Òkèhò ni, ọjà tí ò tà ni, òun lòun kọ́kọ́ kó méjìlá ránṣẹ́.

"Òòyà lo fi ránṣẹ́ sílé àna rẹ?"

"Kóòmù ni, Màmá."

"Kí ni wọ́n ń pe kóòmù ní Òkèhò?"

Rùfáì wo ìdì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.  Gbogbo ọdún mẹ́sàn-án tó fi ń tẹ nǹkan yìí, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, kóòmù ni wọ́n ń pè é ní ibi iṣẹ́, kóòmù ni wọ́n kọ sára páálí, kóòmù ni wọ́n ń pè é ní Agége. Àwọn tíṣà ti sọ ìtàn àrokò fún wọn rí nílé ìwé, òun rò pé ti àwọn ọba àti ológun àtijọ́ ni.

"Ohun tó ń ya irun, kí ló ń sọ?" ìyá náà tún bi í. "Ó ní kí ẹ yà. Inú kí lo dì í sí?"

Rùfáì ní inú gèlè Hajarat ni. 

"O di òòyà sínú aṣọ ọmọ wọn, o fi ránṣẹ́ sí wọn, o ò sì bá a lọ. Ọmọ tí ò tíì bímọ fún ọ. Rùfáì, kí lo rò pé wọ́n kà níbẹ̀?"

 Rùfáì jókòó sí ìloro láìwò bóyá ó mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà Iléyá padà wá sí i létí, pẹ̀lú ẹran tó ń jẹ, pẹ̀lú ojú tí Hajarat fi wò ó. Gbogbo bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ náà, kóòmù yìí ló lọ bá a sọ ọ́ ní Òkèhò, ó sì sọ ọ́ sódì.

Ìyá Ẹfúnkẹ́ wá fi ìka tọ́ ìdì náà fún un. Ó ní mẹ́fà nìyí, eéfà ló ní kó fà wọ́n mọ́ra. Ojú kọjú, wọn ò kẹ̀yìn síra. Òwú funfun, inú wọn mọ́ sí i. Ó ní àgbà ló di èyí, kì í ṣe ọmọdé. Wọn ò bá a jà, wọn ò bú u. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́.

"Ìgbà wo lo gbà á?"

"Ó pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lónìí."

Ìyá náà ká ọwọ́ lérí. Rùfáì ní òun á wá ẹni tó mọ̀wé kọ dáadáa, òun á kọ lẹ́tà, òun á fún Sírájúdéènì ní àárọ̀ ọ̀la. Ìyá Ẹfúnkẹ́ ní kó gbàgbé lẹ́tà, kó má fi ohunkóhun ránṣẹ́ síbẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó gbé.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa ka orúkọ àwọn tó máa ṣẹ́kù nílé iṣẹ́. Rùfáì lọ bá Ṣóbándé nílé rẹ̀ lọ́nà Alápòtí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, ó ní òun ò ní í lè wá. Ṣóbándé ò bínú. Ó kàn sọ fún un pé ẹni tí wọn ò bá rí, wọn ò ní í béèrè ibi tó lọ, pé kó tún un rò. Rùfáì ní òun ti rò ó.

Ó wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ó tibẹ̀ wọ ti Ìsẹ́yìn, ó tibẹ̀ wọ ti Òkèhò. Ìdì kóòmù mẹ́fà náà wà lórí itan rẹ̀ láti Ṣàngó dé ibẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló ń to ohun tó máa sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, pé òun á dọ̀bálẹ̀ síwájú ibùsùn rẹ̀, òun á tẹ́ ìdì náà síwájú rẹ̀, òun á ní Màmá, ẹ dákun, àìmọ̀ ni. Ó sọ ọ́ títí tó fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tó sún mọ́ ilé alágbẹ̀dẹ, ó rí ẹní tí wọ́n tẹ́ kalẹ̀, ó rí àwọn àfáà tó ń dìde nílẹ̀, tí wọ́n ń wọ bàtà. Àwọn obìnrin ń fọ ìkòkò. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ìyá Hajarat ni.

Bàbá Ìsmáílà, àbúrò bàbá Hajarat, ló kọ́kọ́ rí i. Kò kí i káàbọ̀, kò sì lé e. Ó ní kó jókòó. Rùfáì ò jókòó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí erùpẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó sì sọ̀rọ̀ tó gùn jù nínú ayé rẹ̀.

"Kóòmù là ń ṣe níbi iṣẹ́ wa. Wọn ò rówó san fún wa, òun ni wọ́n fi san owó oṣù. Mo ní kí Hajarat tà á, kó fi tọ́jú Màmá ni. Mo fẹnu ránṣẹ́, ẹnu ò dé ọ̀dọ̀ yín. N kò mọ̀ ọ́n sí òòyà. Kò wá sí mi lọ́kàn rí, kí èmi àti Hajarat yà. Ohun tí ìyá mi sọ lọ́dún Iléyá, mi ò fara mọ́ ọn. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà."

 Bàbá Ìsmáílà ní kó tún ti owó oṣù yẹn sọ. Ó tún un sọ. Bàbá yíjú sí àwọn yòókù, ó ní ṣé ẹ gbọ́, ọdún mẹ́sàn-án nídìí iṣẹ́, òòyà ni wọ́n gbé fún un. Àgbà kan mi orí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó dìde, kó lọ rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìyá kan rọra sọ fún un bó ṣe ń kọjá pé kó fara balẹ̀ o, pé láti ọjọ́ tí ìyá ti lọ, omijé kan ò tíì bọ́ lójú ọmọ náà.

Hajarat wà nídìí kànga. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń kí i, kò wo ojú rẹ̀. Rùfáì na ìdì náà sí i, Hajarat gbà á, ó fi ọwọ́ pa òwú náà.

"Ẹ ò tú u," ó ní.

"N kò tú u."

"Ọwọ́ òsì ni Màmá fi dì í. Eyín ló fi fa òwú ẹ̀ le. Mo ní kí n bá a dì í, ó kọ̀."

Ó wá sọ ọ́ fún un, wọ́ọ́rọ́. Ó ní àwọn yòókù ti ní kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ tó kù wá láti Ṣàngó, Màmá ní rárá, pé bí ọkọ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á fèsì ná. Lẹ́yìn tí eléèlùbọ́ gbé èsì náà lọ, ó ní kí wọ́n yí ibùsùn òun sójú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá ti dún, á béèrè pé ta ló bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́.

"Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó tún bi mí pé ṣé ẹ ti dáhùn. Mo ní ẹ ti dáhùn. Mo ní ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá mú mi. Ó ní Àlùhàmúdù lílà. Kò sọ nǹkan kan mọ́." Hajarat wo ìdì ọwọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́jọ rèé tí mò ń wo ọ̀nà, bóyá irọ́ ni mo fi sin ìyá mi."

Rùfáì dúró níbẹ̀. Ìgbà kan wà tí ì bá dákẹ́.

"Mo wá mú ọ ni," ó sọ. "Ó ṣeé ṣe kí n má níṣẹ́ mọ́ bá a bá padà dé. Ṣùgbọ́n mo wá mú ọ ni."

Hajarat mi orí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé ojú sókè, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀ tó ti gùn, ó wo ẹ̀wù rẹ̀ tí kò rí ayọ́ọ̀nù.

"Ta ló ń se oúnjẹ fún yín?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀bà yín, ó ṣì ń ní kókó?"

"Ó ń ní kókó."

Hajarat jókòó sílẹ̀ nídìí kànga pẹ̀lú ìdì náà láyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìyá rẹ̀.